Tapping mi ń pariwo, harmonic sì ń já mi kulẹ̀ ní fret 9: ẹ gbà mí o

ÌkaMẹ́wàá

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Solo gìtá kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bar (ìpín orin) mẹ́rìndínlógún ni, E minor ni, metronome mi (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù) sì wà ní 92. Bar méjìlá àkọ́kọ́ kò níṣòro kankan, mo lè di ojú mi ta á. Bar mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Chord (ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀) tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni E minor, C, D, kó tó padà sí E minor, bar kan fún chord kan.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé tapping wọlé, ìyẹn fífi ìka ọwọ́ ọ̀tún gbá okùn mọ́ ọrùn gìtá, lórí okùn kejì. Mo fi ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún gbá fret 12 (fret ni àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá), mo fà á kúrò kí fret 5 lè dún, mo fi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì kan fret 8 mọ́lẹ̀, mo tún padà sí 12. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń lọ bẹ́ẹ̀ fún bar mẹ́ta gbáko. Nínú bar ìkẹyìn, mo tẹ okùn kẹta ní fret 9, mo sì fẹ́ kó ké gooro, ìyẹn pinch harmonic, kí solo parí sórí igbe yẹn.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ń ṣe tapping, àwọn okùn tó nípọn máa ń kùn hùn-ùn-ùn lábẹ́ rẹ̀. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dọ́gba: èyí tí mo gbá ń dún gbàgà, èyí tí mo fà kúrò ń dún bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ìkejì ni pinch harmonic yẹn. Tí mo bá ṣe é ní fret 5 lórí okùn kẹta, kì í tàsé. Ní fret 9 tí mo nílò rẹ̀ gan-an, tí mo bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó lè jáde lẹ́ẹ̀méjì. Mo ti fi gain (agbára tí amp, ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ń fi kún ohùn) kún un títí, ariwo nìkan ló ń pọ̀ sí i.

Irú Stratocaster ni gìtá mi, pickup (ohun tó ń gbọ́ ìmì okùn) mẹ́ta, fret 22. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ọwọ́Òsì

Ọ̀rẹ́ mi, gain tó o fi kún un wà lára ohun tó ń bá ọ jà. Gain kò mọ ohùn tó o fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó o kò fẹ́. Gbogbo nǹkan kékeré tó bá ti kan okùn ló ń gbé sókè, títí kan ìgbà tí aṣọ rẹ fara kàn án. Dá a padà sí ìdajì ná.

Lẹ́yìn náà, wá rọ́bà ìdirun kan, kó o fi di okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nut, ní òpin ọrùn gìtá. Wá ṣe tapping rẹ. Okùn kejì kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, torí ìfábẹ̀lá rẹ kò kúrò ní fret 5, kò sígbà kankan tí okùn yẹn máa dún láìsí ìka lórí rẹ̀. Àmọ́ àwọn márùn-ún yòókù á dákẹ́. Tí ariwo bá lọ, o ti mọ̀ pé àwọn okùn tí o kò tẹ̀ ló ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n.

Rọ́bà yẹn kì í ṣe màgòmágó o, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ náà ń lò ó lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n kọ́ ọwọ́ rẹ kó lè ṣe é fúnra rẹ̀, torí nínú solo rẹ, bar méjìlá ló ṣáájú tapping yẹn, o kò ní ráyè dúró so rọ́bà. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é: tí ọwọ́ ọ̀tún bá ti kúrò lọ́dọ̀ bridge, níbi tí okùn so mọ́ ara gìtá, lọ sórí ọrùn gìtá, mo máa ń jẹ́ kí ìdí àtẹ́lẹwọ́ mi dùbúlẹ̀ lórí okùn kẹfà, karùn-ún àti kẹrin. Orí ìfábẹ̀lá òsì tó tẹ okùn kejì máa ń yọ díẹ̀ kan okùn kẹta. Ikùn ìka kan náà ló máa ń tẹ́ sórí okùn kìn-ín-ní fẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ti dákẹ́ nìyẹn.

Ní ti ohùn tí kò dọ́gba, wo bí ìka rẹ ṣe ń kúrò lórí fret 12. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkè tààrà lò ń gbé e sí. Tó o bá kàn gbé e sókè, kò sí ohun tó ta okùn, ohùn fret 5 kò ní lágbára kankan. Fa okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìka tó já kúrò lórí rẹ̀, kó dà bíi pé ìka yẹn ló ta á. Pa distortion (tó ń mú kí ohùn ya) pátápátá, fi metronome sí 60, má sì gbé e sókè títí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dọ́gba. Distortion ló ń bo àṣírí wa.

Olóhùn_Tútù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. 12-5-8 yẹn, etí wa ti kún fún un. Láti ìgbà tí onígìtá Eddie Van Halen ti gbé Eruption, orin gìtá rẹ̀, jáde ní ọdún 1978, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 42 lọ, kò sí ẹni tó mú gìtá lọ́wọ́ tí kò fẹ́ dá irú àrà yẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé a máa ń ta solo tó ń sọ̀rọ̀ bọ̀ fún bar méjìlá, ká wá dákẹ́ ọ̀rọ̀, ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí ìka wa ṣe yá tó hàn.

Ìbéèrè kan ni mo ní fún ÌkaMẹ́wàá, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń bi í: tó o bá yọ tapping yẹn kúrò, kí ni solo náà máa pàdánù?

Ìyá_Solo

Olóhùn_Tútù, ìbéèrè rẹ dára gan-an, òun ló yẹ kí gbogbo wa máa bi ara wa. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé àrà lásán ni tapping.

Wo ìtàn rẹ̀. Van Halen ló gbé e dé etí gbogbo ayé, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Jimmie Webster ti kọ ìwé ìkọ́ni lórí fífi ọwọ́ méjèèjì gbá okùn gìtá iná mànàmáná ní ọdún 1952. Steve Hackett ti ń ṣe é nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ olórin Genesis ní 1971. Ní 1985, Stanley Jordan gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde níbi tó ti ń fi ọwọ́ kan gbá chord, tí ọwọ́ kejì ń gbá orin, bí ẹni tó jókòó sídìí dùùrù, ohùn gìtá rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Van Halen fúnra rẹ̀, nínú rẹ́kọ́ọ̀dù wọn kejì ní 1979, ó ṣe tapping lórí gìtá olókùn ọ̀rá tí kò lo iná rárá. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ distortion, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré sísá.

Ọ̀rọ̀ àyè ni. Ọwọ́ òsì mi kò lè tẹ fret 5, kó tún tẹ fret 12 lórí okùn kan náà, tèmi kéré, tẹ̀yin ọkùnrin náà kò sì lè dé ibẹ̀. Tapping ń jẹ́ kí ohùn tó jìnnà síra wọn báyìí fò láti orí ọ̀kan sí èkejì láìsí pé a tún fi pick ta okùn láàárín wọn. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí okùn kan ṣoṣo fi lè dún báyẹn.

Ó yá, àbúrò mi ÌkaMẹ́wàá. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé chord ń yí padà lábẹ́ rẹ: E minor, C, D, E minor. Kí ló wá dé tí ìka tìrẹ dúró sójú kan fún bar mẹ́ta? Ibẹ̀ ni Olóhùn_Tútù ti rí ọ mú.

5-8-12 lórí okùn kejì, E, G, B ni. E minor pérépéré nìyẹn, ó dára fún bar kìn-ín-ní. Nígbà tí C bá dé, má fọwọ́ kan ọwọ́ òsì rárá. Sún ìka ọ̀tún láti 12 sí 13. Fret kan péré! B ti di C, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí ni E, G, C, ìyẹn chord C fúnra rẹ̀. Ta á, kó o gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe máa yẹ̀ lábẹ́ solo náà. Fún D, gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí 7-10-15, ìyẹn F#, A, D. Nígbà tí E minor bá padà dé, fi ìdajì bar náà ta 8-12-17, ìyẹn G, B, E, kó o tó já sílẹ̀ sórí okùn kẹta fún igbe rẹ. Kíyè sí ohùn òkè pátápátá: B, C, D, E. Ó ń gun àkàsọ̀ lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tapping á gbọ́ orin náà.

Ìnà ọwọ́ òsì láti 8 dé 12 lè le lọ́jọ́ kìíní. Tí ọrùn ọwọ́ rẹ bá ń ro ọ́, dúró, sinmi, gbé ọrùn gìtá sókè díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ.

ÌkaMẹ́wàá

Ìyá_Solo, ẹ ṣé gan-an, mà. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ta 12 sí 13 yẹn, mi ò fẹ́ dáwọ́ dúró. Olóhùn_Tútù, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ ni pé lánàá, tí mo bá yọ ọ́, solo náà kò ní pàdánù ohunkóhun. Lónìí, ó máa pàdánù àkàsọ̀ yẹn.

Ọwọ́Òsì, òótọ́ lo sọ, òkè tààrà ni mò ń gbé ìka sí. Mo wà ní 66 báyìí láìsí distortion. Okùn kẹta ṣì ń kùn díẹ̀, àmọ́ àwọn tó nípọn ti dákẹ́.

Ó wá ku harmonic ní fret 9. Mo ti ta á títí àtàǹpàkò mi fi pọ́n. Ṣé awọ àtàǹpàkò mi ló rọ̀ jù ni?

BàbáOkùn

Kò sí ohun tó ṣe awọ rẹ, ọmọ mi. Gbé rúlà wá.

Okùn tó ń mì kì í mì lódindi nìkan. Ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, sí márùn-ún, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí apá kan ti pàdé apá kejì, ojú kan wà tó dúró jẹ́ẹ́. Tó o bá fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ ní irú ojú bẹ́ẹ̀, gbogbo ìmì tó nílò láti gba ibẹ̀ kọjá máa kú, àwọn tó ní ojú jẹ́ẹ́ níbẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ohun tí harmonic jẹ́ nìyẹn. Lórí okùn tí a kò tẹ̀, fret 12 ni ìdajì, fret 7 ni ìdá kan nínú mẹ́ta, fret 5 ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Lórí irin fret fúnra rẹ̀ ni ká ti fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

Pinch harmonic kò yàtọ̀. Pick ta okùn, ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ó kan okùn níbi tó dúró jẹ́ẹ́, ó kúrò. Jẹ́ kí orí pick yọ díẹ̀ péré, bí orí bíró ìkọ̀wé, kí awọ lè tètè dé ibẹ̀.

Wàyí o. Ibo ni ojú jẹ́ẹ́ yẹn wà? Láti bridge sí ibi tí ọwọ́ òsì tẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti bridge sí nut. Okùn gìtá irú tìrẹ gùn tó mìlímítà 648. Tó o bá tẹ fret 5, èyí tó kù láti mì jẹ́ nǹkan bí 485. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 121. Ìyẹn ni pé àtàǹpàkò tó bá wà ní mìlímítà 121 sí bridge máa rí ohùn tó dáa. Tó o bá gòkè lọ sí fret 9, èyí tó kù di 385. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti di 96. Ojú náà ti sún mọ́ bridge ní mìlímítà 25, ìbú ìka kan ààbọ̀.

Ohun tí mo rò pé ò ń ṣe ni pé ọwọ́ òsì rẹ ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ dúró síbi tó ti mọ́ ọn lára. Ní 121, tí fret 9 bá wà lábẹ́ ìka rẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta wà ní 128, ìdá kan nínú mẹ́rin wà ní 96, ìwọ wà láàárín méjèèjì, o kò bá ọ̀kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́wàá tó ń jáde yẹn, ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ṣèèṣì yẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó o fi etí gbọ́, torí òun ló ń ba ọ̀pọ̀ solo tó dáa jẹ́. Ojú jẹ́ẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Fret 9 lórí okùn kẹta, E ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin máa fún ọ ní E tó fi octave méjì ga jù ú lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́fà, B ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún, tó wà ní 77, G# ló ń mú jáde, orin rẹ sì wà ní E minor tó ní G. Igbe náà á jáde gooro, inú rẹ á dùn pé o rí i mú, ẹni tó ń gbọ́ á sì máa fajú ro láìmọ ìdí. Fún fret 5 tó o ti ń ṣe dáadáa, C ni, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ E, kò lè dà ọ́ láàmú. Ní fret 9, yẹra fún 77.

Okùn_Kẹfà

BàbáOkùn, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Harmonic fret 5 lórí okùn kẹfà àti fret 7 lórí okùn karùn-ún ni mo fi ń tún gìtá mi ṣe kó lè bára mu. Mo máa ń yí i títí ìmì wọ́n-ọn, wọ́n-ọn, wọ́n-ọn yẹn á fi kú pátápátá. Síbẹ̀, chord mi kì í mọ́. Ṣé nǹkan tí ẹ ń ṣàlàyé yìí náà ni?

BàbáOkùn

Ó bá a tan. Okùn kẹfà ń mì ní 82.41 lójú ìṣẹ́jú àáyá, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 329.63. Okùn karùn-ún wà ní 110, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 330. Wọn kò dọ́gba, kò sì yẹ kí wọ́n dọ́gba, torí bí wọ́n ṣe to fret sórí ọrùn gìtá yàtọ̀ díẹ̀ sí bí okùn ṣe ń pín ara rẹ̀. Tí gìtá bá wà ní ipò tó yẹ, wọ́n-ọn kan péré lo máa gbọ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tó o bá pa á pátápátá, o ti já okùn karùn-ún wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tó o bá sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ dé okùn tó kàn, àṣìṣe náà ń gorí ara wọn. Lo ẹ̀rọ ìwọ̀n ohùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌkaMẹ́wàá

Ẹ kú ọgbọ́n o, BàbáOkùn. Mo gbé rúlà lóòótọ́. Mo fi téèpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ ara gìtá lábẹ́ okùn kìn-ín-ní, ọ̀kan ní 121, ọ̀kan ní 96, kí n lè máa rí wọn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo yọ wáyà kúrò lára gìtá kí n lè gbọ́ okùn nìkan. Fret 9, àtàǹpàkò ní 96: ó jáde! Ohùn kékeré, tó mọ́, bí agogo tó wà lọ́nà jíjìn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo wá fi wáyà padà sí i, mo tan amp. Ó tún ṣaláìsí. Mo ń rí i pé ìka mi wà níbi téèpù, mo ń gbọ́ ọ lára igi gìtá, ṣùgbọ́n amp kò sọ ọ́ jáde, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Ní fret 5 ńkọ́, ó ń han gooro nínú amp kan náà.

BàbáOkùn

Pickup wo lò ń lò?

ÌkaMẹ́wàá

Ti àárín, sà. Ohùn rẹ̀ ló tutù jù fún bar méjìlá àkọ́kọ́.

BàbáOkùn

Ìdáhùn rẹ nìyẹn.

Wọn rúlà rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti bridge sí àárín pickup yẹn. Lórí gìtá irú Stratocaster, ó máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 98. Ojú jẹ́ẹ́ rẹ wà ní 96. Pickup kì í gbọ́ ohùn nínú afẹ́fẹ́, ìmì okùn tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an ló ń gbọ́. Tí okùn bá dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀, kí ni pickup fẹ́ gbọ́? Gbogbo okùn ń kọrin, ìwọ wá gbé etí sí ojú kan ṣoṣo tí kò mì.

Ní fret 5, ojú jẹ́ẹ́ wà ní 121, ó jìnnà sí pickup àárín, òun ló fi ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí o fi rò pé fret 5 rọrùn, fret 9 le. Ọwọ́ rẹ ní ẹ̀bi tirẹ̀, pickup náà ní tirẹ̀.

Bọ́ sórí pickup tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bridge. Ó wà ní nǹkan bí 41, fún fret 9 ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí ìmì onípín mẹ́rin yẹn ti fẹ̀ jù. Bákan náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi pickup ọ̀dọ̀ ọrùn ta harmonic fret 5 lórí okùn tí ẹ kò tẹ̀, tí ẹ ń ráhùn pé kò lágbára: pickup yẹn wà ní 162, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin 648 géérégé. Ẹ bọ́ kúrò níbẹ̀.

ÌkaMẹ́wàá

Ó KÉ!

Pickup bridge, gain ní ìdajì, fret 9, téèpù 96. Ó kọ́kọ́ dún bí E tí mo mọ̀, lẹ́yìn náà ohùn òkè yọ jáde láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò lọ sí 77 kí n lè gbọ́ G# tí ẹ kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Ohùn yẹn gan-an ló máa ń jáde nígbà mìíràn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, tí mo fi ń rò pé gìtá mi ni kò bára mu.

Mo ti ta gbogbo bar mẹ́rin náà pọ̀. Láàárín bar 12 àti 13 ni mo ń fi ọmọńdinrín ọ̀tún ti swíìṣì sí pickup bridge, àyè wà níbẹ̀ fún un. Mo ti gbé ìgbàsílẹ̀ àkọ́kọ́ sókè.

Olóhùn_Tútù

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ibi tí D ti wọlé yẹn, tí ohùn òkè fò láti C sí D, mo dìde lórí àga. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà ní ti solo yìí.

Nǹkan kan ló kù. Igbe ìkẹyìn yẹn, o kàn jù ú sílẹ̀ ni, kò sì dà bí ohùn tó ṣáájú rẹ̀. Nínú bar 4 àti bar 8, gbogbo ohùn gígùn lo mì pẹ̀lú ìka òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń mí. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló le gbagidi. Ìka òrùka rẹ ṣì wà lórí fret 9, harmonic ò lè sá tó o bá mì ín. Mì ín bó o ṣe mi ti bar 8, kí ẹni tó ń gbọ́ lè mọ̀ pé èèyàn kan náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìyá_Solo

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀nà kejì lé e, bóyá ó máa wúlò fún bar ìkẹyìn yìí tàbí fún solo mìíràn.

Nígbà tó o bá parí 8-12-17, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ti wà lókè ọrùn gìtá. Dípò kó o sá padà wá wá pick àti téèpù rẹ, tẹ okùn kẹta ní fret 9, kó o wá fi ìka àárín ọ̀tún gbá irin fret 21 gan-an, kíákíá, kí ìka ta padà bíi bọ́ọ̀lù. Fret méjìlá sí ibi tó o tẹ̀ ni, ìdajì okùn ló jẹ́, E tó fi octave kan ga ló máa jáde. Fret 16 máa fún ọ ní B. Fret 14 máa fún ọ ní E octave méjì, ohùn kan náà tí àtàǹpàkò rẹ ń wá ní 96. Kò ní ké bíi pinch, ó máa dún bí agogo, ṣùgbọ́n irin fret ló ń fi ojú ibẹ̀ hàn ọ́, o kò nílò rúlà. Tí ìka bá pẹ́ lórí irin, ó kú nìyẹn. Ìyára kíkúrò ni gbogbo rẹ̀.

Ọwọ́Òsì

Èmi yóò fẹ́ pinch níbẹ̀ o. Lẹ́yìn àkàsọ̀ tó mọ́ báyẹn, etí ń retí nǹkan tó ya díẹ̀.

ÌkaMẹ́wàá, nínú ìgbàsílẹ̀ náà, mo ṣì ń gbọ́ okùn kẹta lábẹ́ bar 15. Nígbà tó o gbé ọwọ́ lọ sí 7-10-15, orí ìfábẹ̀lá rẹ kò tún yọ kan án mọ́. Wò ó dáadáa.

ÌkaMẹ́wàá

Òótọ́ ni, mo wò ó nínú dígí. Ní fret 7, mo ń na ìka ṣánṣán ju ti fret 5 lọ. Mo ti tẹ̀ ẹ́ padà, ó ti dákẹ́.

Mo gbìyànjú fret 14 ti Ìyá_Solo, ó dùn débi pé mo ti fi pamọ́ fún ìbẹ̀rẹ̀ orin mìíràn tó lọ́ra. Fún èyí, pinch ni màá lò, pẹ̀lú ìmì tí Olóhùn_Tútù sọ. Mo ti dé 84 lórí metronome, ó ku mẹ́jọ. Téèpù 121 ni mo ti yọ kúrò lára gìtá. Ti 96 ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì lè ṣe é láìwò ó.